Yorùbá Tí Wọ́n Fi Dẹ́rù Ba Àwọn Ọmọdé

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, gbogbo ẹni tó wá kí mi kú àbọ̀ ní Ọgbà ló ń béèrè nípa òtútù Ìlú Ọba. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé òtútù mú lóòótọ́. Wọ́n á wo fọ́tò inú fóònù mi, wọ́n á ní mo sanra sí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá rọra bi mí pé, "Àǹtí yín ńkọ́? Ṣé ẹ rí wọn?" Mo rí wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ń fi ẹnu sọ kò délẹ̀, torí mo máa ń fo ibi tó dùn mí jù lọ. Mo wá jókòó láti kọ ọ́, kí n má baà lè fò ó mọ́.

Yàrá Bàbá Títí

Àbúrò bàbá mi ni Àǹtí Sàfú. Sàfúrátù ni wọ́n sọ wọ́n, ṣùgbọ́n Àdùkẹ́ ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí àwọn àti bàbá mi, máa ń pè wọ́n. Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo wọn ti wá sí Agége. Bàbá mi ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ aṣọ kan n'Íkẹjà. Àǹtí ní tiwọn ti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba kí wọ́n tó bí mi. Inú yàrá Ìyá Àgbà ni mo dàgbà sí, fọ́tò Àǹtí sì wà lára ògiri níbẹ̀: ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dé fìlà nọ́ọ̀sì, tó fajú ro bí ẹni tó fẹ́ sunkún.

Ọdún Iléyá kan ni, mo ṣì kéré. Bàbá Títí, aládùúgbò wa, nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ọmọdé ti rọ́ kún yàrá wọn, àwọn àgbà dúró lẹ́yìn wa, bàbá mi wà lára wọn. Fíìmù òyìnbó kan ni wọ́n ń fi hàn, irú èyí tí wọ́n ń ṣe kí tọmọdé tàgbà lè jọ wò ó. Àwọn ọmọ òyìnbó mẹ́ta wọ ọkọ̀ ojú omi kan tó ń fò lójú ọ̀run, wọ́n ń wá bàbá wọn tó sọnù. Wọ́n bọ́ sí erékùṣù kan tí òkúta ibẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, tí ẹja ibẹ̀ sì ń fi ìyẹ́ fò. A la ẹnu sílẹ̀, à ń wò. Nígbà tó yá ni àwọn ará erékùṣù náà jáde. Nínú gbogbo fíìmù yẹn, àwọn nìkan ló dúdú bíi tiwa. Òkúta ní orúkọ níbẹ̀, ẹja ní orúkọ, àwọn ò ní. Wọ́n fi ẹfun kùn wọ́n lójú, wọ́n ki ìyẹ́ ẹyẹ bọ̀ wọ́n lórí, igbe ni wọ́n ń ké.

Ayaba wọn wá jáde. Ó na ìka sí àwọn ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíkankíkan. Arúgbó atukọ̀ kan tó wà pẹ̀lú wọn ní òun gbọ́ èdè yẹn, ó ní ohun tí ayaba ń sọ ni pé òun máa dáná sun wọ́n tí ilẹ̀ bá mọ́.

"Ẹ gbọ́ ná!" Ìyá Títí ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Yorùbá lobìnrin yìí ń sọ!"

Ariwo sọ. Àwọn kan ní irọ́ ni, àwọn kan ní àwọn gbọ́ "Màámi" kedere. Nínú ariwo yẹn ni ẹnì kan ti ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé kì í ṣe Sàfú nìyẹn, ọmọ Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́?" Bàbá mi jáde. Àwa ọmọdé ò tiẹ̀ kọbi ara sí i, àwọn ọmọ òyìnbó ni ọkàn wa wà lọ́dọ̀ wọn, a ò fẹ́ kí wọ́n jóná. Nígbà tí ayaba náà jìn sínú kòtò iná, a pàtẹ́wọ́.

Ìyá Àgbà ò sí níbẹ̀. Wọ́n wà nínú yàrá wọn, wọ́n ń gba ẹran ọdún tí àwọn ará àdúgbò ń gbé wá. Bàbá mi dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹni tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀ ní yàrá Màámi," wọ́n ní, "èmi àti onítọ̀hún ni." Wọ́n bẹ àwọn àgbà àdúgbò náà. Gbogbo wọn gbà. Wọ́n ní báwo lèèyàn ṣe máa sọ fún ìyá pé wọ́n ti fi ọmọ rẹ̀ ṣe àjẹ́ lójú gbogbo ayé. Àánú ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni lẹ́tà Àǹtí dáwọ́ dúró. Ìyá Àgbà á jókòó síwájú fọ́tò yẹn, wọ́n á ní, "Àdùkẹ́ ti gbàgbé mi," láìbínú, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn títí wọ́n fi kú.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi, tí ẹsẹ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbé wọn mọ́, pè mí. Ọmọ aládùúgbò wa kan ti rí Àǹtí ní mọ́ṣáláṣí kan, nílùú kékeré kan létí òkun lọ́hùn-ún. "Kúbúrá," wọ́n ní, "lọ bá mi mú Sàfú wálé." Mo ní ṣé kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ kí n bá wọn sọ. Wọ́n wo ilẹ̀. "Sọ fún un pé mo ní kó máa bọ̀."

Ìlú tí wọn kì í kí ara wọn

Ẹ jẹ́ kí n fo ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà àti ti pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ibi tí mo ti mọ̀ pé mo ti kúrò nílé ni inú rélùwéè tó gbé mi lọ sí ìlú Àǹtí. Èèyàn kún inú ẹ̀, síbẹ̀ ó dákẹ́ bíi pé òkú ló wà nílẹ̀. Bàbá arúgbó kan bọ́ sí ìjókòó tó kọjú sí mi, mo kí wọn pé ẹ káàsán. Wọ́n wẹ̀yìn wò, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí mò ń kí. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn ni, ojú wọn pọ́n, wọ́n dáhùn wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n gbé ìwé ìròyìn bojú. Ó ṣe mí bíi pé mo ti ẹnu bọ ilé onílé.

Ní ibùdókọ̀ rélùwéè, mo rí ìyá kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀, tó fi ìborùn we orí, tó sì di àpò mú gírígírí. Ojú inú fọ́tò ni, ó kàn ti hunjọ. Mo sọ ẹrù kalẹ̀, mo kúnlẹ̀. Kí n tó sọ pé "Ẹ kú ilé, mà," àwọn òyìnbó méjì ti sáré dé, ọ̀kan di apá mi mú, èkejì ń bi mí bóyá òòyì ló ń kọ́ mi, bóyá kí òun pe dókítà.

Àǹtí fi gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn. "Kò ṣubú. Ó ń kí mi ni."

Àwọn òyìnbó náà bẹ̀bẹ̀, wọ́n tún bẹ̀bẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn rìn lọ. Àǹtí ò tíì ní kí n dìde. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo orí mi. "Ó ti pẹ́," wọ́n ní. "Ó ti pẹ́ jọjọ tí ẹnì kan ti kúnlẹ̀ kí mi. Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ yẹn tutù."

Ọbẹ̀ tí kò ní ata

Ilé wọn kéré, ó mọ́. Ọkọ wọn, ará Jàmáíkà, ti kú. Wọn ò bímọ. Ọbẹ̀ tí wọ́n fi gbà mí lálejò pupa dáadáa, mo fi ìdùnnú bu ṣíbí kan, tòmátò lásán ni mo gbọ́ lẹ́nu. Inú wọn ò gba ata mọ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní ó dùn.

Mo ti gbé gàrí, ata gbígbẹ àti irú wá fún wọn. Bí wọ́n ṣe tú irú náà, wọ́n pa ojú dé, wọ́n gbóòórùn ẹ̀. Wọ́n yára dì í sínú ọ̀rá, wọ́n tún fi ọ̀rá mìíràn lé e, wọ́n so ó mọ́ ìta fèrèsé. Wọ́n ní òórùn rẹ̀ máa da àwọn aládùúgbò láàmú. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, mo máa ń rí wọn lójú fèrèsé yẹn, wọ́n á ṣí i díẹ̀, wọ́n á na imú síta, wọ́n á tì í padà.

Yorùbá wọn ni mi ò retí. Kò sí gẹ̀ẹ́sì kan nínú ẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pe rédíò. Wọ́n bi mí nípa àwọn èèyàn Agége lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá eléyìí, bàbá tọ̀hún, mo sì ń dáhùn pé wọ́n ti kú, wọ́n ti kú, títí ó fi di pé ojú ń tì mí láti tún sọ ọ́. Mo ní ta ni wọ́n ń bá sọ Yorùbá níbí. Wọ́n ní kò sí. Wọ́n ní àwọn máa ń sọ ọ́ fún àwọn òdòdó inú ìkòkò tó wà lójú fèrèsé.

Ará ìlú yẹn kì í ṣèèyàn burúkú. Obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kan ilẹ̀kùn láti béèrè ìgbà tó máa rọrùn kí òun wá kí mi. Mo ní ṣebí ó ti dé yìí, kó wọlé. Ó ní rárá o. Ó lọ, ó wá ní ọjọ́ mìíràn pẹ̀lú kéèkì, ó jókòó sí etí àga bíi pé àga náà gbóná. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sókè sí mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọ jòjòló sọ̀rọ̀. Mo ti ṣe ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe ike ní Ọgbà títí mo fi fẹ̀yìn tì, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn díẹ̀díẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa dá ọ̀rọ̀ fíìmù sílẹ̀. Àǹtí gan-an ló dá a sílẹ̀, bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́.

"Wọ́n wá sílé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń gbé," wọ́n ní. "Wọ́n ní àwọn ń wá aláwọ̀ dúdú. Àwọn ará Jàmáíkà pọ̀ nínú wa. Ọmọ Íńdíà kan wà tí wọ́n fi èédú kùn kó lè dúdú tó. Ọ̀gá wọn béèrè ẹni tó gbọ́ èdè inú igbó. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó bi mí níbi tí mo ti wá, mo ní Agége. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí n máa sọ èdè ibẹ̀, kí n ṣáà máa bínú, ohunkóhun tó bá wá sí mi lẹ́nu, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ."

Wọ́n ju ẹ̀wà bàjẹ́ kan sọ́tọ̀.

"Èmi mọ ẹni tó máa gbọ́ ọ. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ni èmi àti bàbá rẹ máa ń lọ wò ní sinimá l'Ágége. Mo mọ̀ pé ó máa dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ní Ọlọ́run ló ṣí ọ̀nà yìí fún mi."

"Àǹtí, kí lẹ wá sọ?"

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

"Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà."

Wọ́n padà sórí ẹ̀wà wọn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ da omi sórí ẹ̀wà ni wọ́n ní, "Wọ́n máa fi fíìmù náà hàn lọ́jọ́ Sátidé, ní gbọ̀ngàn láíbìrì. Wọ́n lẹ ìwé ìkéde rẹ̀ mọ́ ara ògiri. N kò wò ó rí. Tí o bá jókòó tì mí, màá lọ."

Gbọ̀ngàn

Ọmọdé ló kún gbọ̀ngàn náà pẹ̀lú àwọn òbí wọn. Ohun tó kọ́kọ́ jọ mí lójú ni àwọ̀ àwọn ọmọ náà: òyìnbó, dúdú, ọmọ Íńdíà, ọmọ Ṣáínà, àwọn ọmọbìnrin tó wọ híjáàbù, gbogbo wọn jókòó sórí rọ́ọ̀gì kan náà, wọ́n ń jẹ gúgúrú. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣàkóso láíbìrì bọ́ síwájú. Ó ní fíìmù yìí ti pẹ́, ó ní bí wọ́n ṣe ṣe àwọn ènìyàn kan nínú ẹ̀ kò dára, kò dára nígbà yẹn, kò sì dára nísinsìnyí, ó sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó wò ó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo wo Àǹtí. Ọwọ́ wọn wà lórí itan, wọ́n jókòó bí ẹni tó ń dúró de dókítà.

Ọkọ̀ ń fò. Òkúta sọ̀rọ̀. Ojú ti ń tì mí pé mo ṣì gbádùn ẹ̀. Ìgbà tó yá, ayaba jáde, mo sì rí ọmọbìnrin inú fọ́tò Ìyá Àgbà, pẹ̀lú ẹfun lójú. Kò sí ariwo ní gbọ̀ngàn yẹn. Èmi nìkan ló gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, yàtọ̀ sí ẹni tó sọ ọ́.

"Màámi!" ayaba náà ké, ó na ìka. "Màámi, èmi Àdùkẹ́ yín ni o! Ẹ má wo ojú mi, ẹfun ni wọ́n fi kùn mí! Mò ń jẹun o, Màámi! Òtútù ibí pọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ra kóòtù! Ẹ má sunkún mọ́! Mò ń bọ̀ wálé! Ẹ dúró dè mí o!"

Atukọ̀ ní, "Ó ní òun máa dáná sun yín tí ilẹ̀ bá mọ́."

Ọmọ kékeré kan bú sẹ́kún nídìí ìyá rẹ̀. Èmi náà ń sunkún. Ọmọ tó ń fi ìyá rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ ni wọ́n ń fi dẹ́rù ba àwọn ọmọ, tí àwa náà sì ń pàtẹ́wọ́ nígbà tó jìn sínú iná.

Nígbà tí fíìmù parí, ọ̀dọ́bìnrin náà ní kí àwọn ọmọ béèrè ohun tó bá wù wọ́n. Ọmọbìnrin dúdú kan tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sí irun nawọ́. Ó ní kí ni ayaba yẹn ń sọ gan-an.

"Kì í ṣe èdè gidi," ọ̀dọ́bìnrin náà ní. "Wọ́n kàn ń pariwo lásán ni."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní Yorùbá ni. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, gẹ̀ẹ́sì mi ń já, mo sì ní ẹni tó sọ ọ́ nìyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gbogbo wọn yíjú. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ni gbogbo gbọ̀ngàn bá gbà á. Ọ̀dọ́bìnrin náà wá síwájú Àǹtí, omi ti lé sí i lójú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Lórúkọ gbogbo wa, ẹ má bínú."

Àǹtí wò ó pẹ̀lú sùúrù. "Kí lo ṣe fún mi?" wọ́n ní. "Wọn ò tíì bí ọ nígbà yẹn. Èyí tí àwọn òyìnbó ṣe, mo mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n ń fi ẹfun kùn mí. Àwọn ará ilé mi ló gbọ́ ọ, tí wọ́n sì kọ̀ mí." Wọ́n gbé àpò wọn, wọ́n jáde.

Mo bá wọn lórí bẹ́ǹṣì kan tó kọjú sí òkun. Atẹ́gùn ń fẹ́ gan-an. Mo ní kí ni wọ́n ní lọ́kàn.

"Má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀," wọ́n ní. "Bùọ̀dá, bàbá rẹ, rán ọkùnrin kan tó ń bọ̀ níbí sí mi. Ó ní gbogbo ilé ti rí i. Ó ní Màámi rí i, wọ́n gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, wọ́n sì ní kí n má padà wá mọ́, pé àwọn ò bí àjẹ́."

Bàbá mi ò sọ èyí fún mi.

"Àǹtí, Ìyá Àgbà ò rí i."

"Wọ́n rí i."

"Yàrá wọn ni mò ń sùn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn, bàbá mi ló ní ká má sọ. Títí wọ́n fi kú, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ ti gbàgbé àwọn."

Àǹtí bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn. Wọ́n tún wọ̀ ọ́ padà.

"Nígbà tí wọ́n kú, mo gbọ́. Mo ní ìyá tó ní àwọn ò bí mi, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe nídìí òkú wọn." Wọ́n nu imú. "Kúbúrá, mo ti bínú sí Màámi láti ìgbà èwe mi. Ẹni tí kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Mo dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Àwọn tó ń rìn kọjá ń yà fún wa, wọ́n ń gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí pé níbẹ̀, tí ẹnì kan bá ń sunkún, ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe bí ẹni pé wọn ò rí i. L'Ágége, èèyàn ì bá ti yí wa ká. Mo dúpẹ́ pé wọn ò yí wa ká.

Bí a ṣe dìde ni Àǹtí ní, "Jẹ́ ká jọ lọ."

Àlejò l'Ágége

Bí a ṣe jáde ní pápá ọkọ̀ òfuurufú n'Íkẹjà, ooru gbá Àǹtí lójú, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́. Wọ́n ní kí awakọ̀ gba ọ̀nà ilé wa àtijọ́. Ilé wa ti di ilé ìkẹ́rùsí, ọkọ̀ àjàgbé méjì dúró sójú ibi tí yàrá Ìyá Àgbà wà. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí bàbá mi bá ṣiṣẹ́ ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Àǹtí ń wo ìta lójú fèrèsé ọkọ̀, wọ́n ń béèrè pé, "Ibo nìyí?" Gbogbo ibi tí mo dárúkọ ni wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọn ò sì mọ ojú rẹ̀.

Ní Abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n ní àwọn fẹ́ fọwọ́ ara àwọn ra ọsàn. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tà á gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí. "Grandma, irú Yorùbá wo lẹ ń sọ yìí? Ó dà bíi ti ìyá ìyá mi tó ti kú." Kò ní ibi lọ́kàn, ó tiẹ̀ fi ọsàn lé e fún wọn. Àǹtí gbé ọsàn náà lé itan títí a fi délé mi, wọn ò bó ọ̀kan.

Bàbá mi ti múra láti àárọ̀, wọ́n jókòó sí pálọ̀ mi nínú agbádá. Àǹtí fẹ́ kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn, orúnkún wọn ò gbà. Bàbá mi fẹ́ dìde láti dá wọn dúró, ẹsẹ̀ tiwọn náà ò gbà. Èmi ni mo wà láàárín, mo di ọ̀kan mú lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì.

"Sàfú," bàbá mi ní, "èmi ni mo ránṣẹ́ yẹn. Màámi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Kúbúrá ti sọ fún mi, Bùọ̀dá."

"Níbi iṣẹ́ ni. Tí mo bá ti ń kọjá, wọ́n á na ìka sí mi, wọ́n á máa ké bí àwọn ará inú fíìmù yẹn. Mo rò pé tí o bá wálé, ó máa burú jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ níbẹ̀?"

Bàbá mi ń ká etí agbádá wọn mọ́wọ́.

"Wọ́n tún gbé e wá sí sinimá kan n'Íkẹjà," wọ́n ní. "Èmi nìkan ni mo lọ. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀." Wọ́n fi etí agbádá nu ojú. "Mo padà délé, mo bá Màámi níwájú fọ́tò ẹ. Mo ti la ẹnu. Mi ò lè sọ ọ́, torí mo ti ránṣẹ́ náà."

Èmi tí mo gbé pẹ̀lú wọn láti kékeré, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ nìyẹn.

Àǹtí jókòó tì wọ́n lórí àga. "Mo forí jì yín, Bùọ̀dá," wọ́n ní. "Ẹ̀yin ni mo lè forí jì. Èyí tó kù, kò sí lọ́wọ́ yín mọ́, kò sì sí lọ́wọ́ mi."

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n sin Ìyá Àgbà sí l'Ágége. A ò rí sàárè náà. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bá wa wá a títí, ó ní ẹ̀gbẹ́ ibí yìí ti kún, wọ́n ti sin àwọn mìíràn lé àwọn ti àtijọ́ lórí. "Ẹ má bínú, Màmá," ó ní. "Ibi yòówù tí ẹ bá dúró sí níbí, wọn ò jìnnà sí yín."

Àǹtí dúró láàárín ọ̀nà tóóró kan. Wọ́n ṣe àdúà. Mo rò pé wọ́n ti ṣe tán, mo fẹ́ di apá wọn mú, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kì í ṣe sí mi.

"Màámi, ẹ wò mí. Mo ti dàgbà ju yín lọ báyìí."

Wọ́n dúró bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. Ọkọ̀ àjàgbé ń pariwo lójú títì. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Kúbúrá, mo fẹ́ máa lọ sílé." Mo ní kí awakọ̀ padà sí Ọgbà. Àǹtí mi orí. Kì í ṣe ilé mi ni wọ́n ń wí.

Ìyẹn ni pé mi ò mú wọn wálé, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe rán mi. Mo kàn mú wọn wá ni. Wọ́n ti padà sí ìlú wọn létí òkun. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n máa ń pe bàbá mi lórí fóònù. Mo máa ń gbé e sórí tábìlì níwájú bàbá, kí ohùn lè jáde sókè. Wọ́n á béèrè àlàáfíà ara wọn, wọ́n á béèrè ohun tí wọ́n jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ á tán. Àwọn méjèèjì á kàn dákẹ́ síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n lọ́dọ̀ wa, àbúrò lọ́hùn-ún, mi ò sì tíì rí ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn kọ́kọ́ pa fóònù.